Àròkọ Aṣàpèjúwe: Táàmù Kẹta ní Bọ́dìn

Irú àkòrí yìí a máa tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ nítorí pé ó dà bí ẹni pé ó rọrùn. Kíyè sí ọ̀rọ̀ náà ‘táàmù kẹta’. Bí ohun tí o kọ bá lè bá táàmù kìíní mu láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, o kò tíì dáhùn ìbéèrè. Aago tí ń lù, aṣọ tí à ń fọ̀ ní Sátidé, àdúrà òwúrọ̀: gbogbo ìwọ̀nyí wà láti Oṣù Kẹsàn-án títí di Oṣù Keje. Òjò, koríko, àgbàdo tuntun àti ìdánwò ìgbéga ni kí o dì mú. Ka àpẹẹrẹ yìí:

‘Nígbà tí a bá wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Karùn-ún, koríko ti ga dé orúnkún lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, àdá ni a kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn, kì í ṣe ìwé. Olúkúlùkù ni a ń wọn ilẹ̀ tirẹ̀ fún. Lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ méjì péré, koríko á tún ti hù, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

‘Òjò ni ọ̀gá ní táàmù yìí. Bí ó bá ń rọ̀ lóru sórí páànù ilé ibùsùn wa, a kì í gbọ́ ohùn ara wa. Gbogbo wa ni a mọ ibi tí ó ń jò. Korobá kì í kúrò lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé kì í gbẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti wọ ṣòkòtò tútù lọ sí kíláàsì, ara mi ni ó sì gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òjò kan náà ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìyà omi. Ní táàmù kejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń jí lọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní táàmù kẹta, abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni odò wa.

‘Bí Oṣù Kẹfà bá fi máa dé, gàrí tí mo gbé wá láti ilé ti tán. Àkókò yìí gan-an ni àgbàdo tuntun ń jáde. Àwọn obìnrin a gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà, sísè àti sísun. Ẹni tí ó ní owó a rà. Ẹni tí kò ní a máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìn.

‘Ìdánwò ìgbéga ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí ó bá kùnà yóò tún kíláàsì náà ṣe, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì wá bá a níbẹ̀. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà ju ìtìjú lọ. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ girama nítòsí abúlé wa, bàbá mi kò sì lè san owó bọ́dìn ọmọ méjì pọ̀. Ọdún tí mo bá jáde ni àbúrò mi yóò wọlé. Bí mo bá kùnà, àwa méjèèjì ni ọdún kan ṣòfò lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, bí iná bá kú, èmi a tan àtùpà ní yàrá ìjẹun, kòkòrò abìyẹ́ a sì máa já lu ìwé mi.

‘Lọ́jọ́ ìparí, gbọ̀ngàn a kún, a ó sì máa pe orúkọ àwọn tí ó yege. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ tirẹ̀ kì í dúró gbọ́ ti ẹlòmíràn. Àpótí rẹ̀ ti wà ní dídì láti àná.’

Wo bí ìpínrọ̀ òjò ti gùn ju ti àgbàdo lọ. Kò burú. Níbi tí o bá ti ní ohun púpọ̀ láti sọ, sọ ọ́. Wò ó pẹ̀lú pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò pa òwe kankan. Àwọn kan a kó òwe márùn-ún sínú ìpínrọ̀ kan, olùyẹ̀wò a sì máa wá àròkọ tì.

Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 ni kí o lò: ‘wọ́n’, kì í ṣe ‘nwọ́n’, ‘yóò’, kì í ṣe ‘yio’, ‘nígbà tí’, kì í ṣe ‘nígbàtí’. Ti àtijọ́ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ Bíbélì tí ó wà nílé, nítorí náà ṣọ́ra bí ibẹ̀ ni o ti kọ́kọ́ kọ́ Yorùbá kíkà.

Ìdánrawò: Kọ àròkọ lórí ‘Táàmù Kejì ní Bọ́dìn’. Ọ̀rọ̀ omi ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.