Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Báwo Ni Crowther Ṣe Di Orúkọ Ọmọ Yorùbá?

Nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, a kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ wa sínú fọ́ọ̀mù: orúkọ ìdílé lákọ̀ọ́kọ́, orúkọ tiwa gan-an tẹ̀ lé e. Bí a ti ń ṣe é lọ́wọ́ ní kíláàsì wa ní Mende, ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Mile 12 gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ dákun. Bíṣọ́ọ̀bù tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, wọ́n ní ọmọ Yorùbá ni. Kí ló wá dé tó ń jẹ́ Crowther? Àbí ìyá rẹ̀ ló fẹ́ òyìnbó?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè gidi ni. Mo ṣèlérí fún un pé n ó fi odindi ẹ̀kọ́ kan dá a lóhùn. Òun náà nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí a ṣe kọ ọ́: C-r-o-w-t-h-e-r. Bí a ṣe ń pè é lẹ́nu ni Kráódà. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dára.

Láyé àtijọ́, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ ìdílé. John ni John, Mary ni Mary. Nígbà tí John bá pọ̀ jù ní abúlé kan, wọ́n á ní John ọmọ William, John alágbẹ̀dẹ, John ará òkè. Díẹ̀díẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1400, àfikún yìí lẹ̀ mọ́ ìdílé. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, bí kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò fọwọ́ kan owú rí fi ń jẹ́ Smith, ìyẹn alágbẹ̀dẹ.

Crowther náà, orúkọ iṣẹ́ ni. Ohun èlò orin kan wà láyé ọjọ́un tí wọ́n ń pè ní crowd. Àwọn ará Wales ń pè é ní crwth. Ó ní okùn, wọ́n sì ń fi ọrun fà á, bí a ṣe ń fa gòjé. Ẹni tó ń fà á ni crowther. Bí a bá ní ká sọ ọ́ ní èdè wa, Onígòjé ni. Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa rárá. Bí a bá gbọ́ Àyàndélé tàbí Àyánwálé, ta ni kì í mọ̀ pé ilé onílù ni ẹni náà ti jáde? Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ onílù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Àyàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Onígòjé tòyìnbó, Crowther kan náà ni wọ́n ń jẹ́, láti ìran dé ìran.

Orúkọ yìí kò kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Smith tàbí Williams. Ó ní ibùgbé tirẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn Yorkshire ló pọ̀ sí jù, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àyíká Huddersfield àti Halifax. Ilẹ̀ olókè ni, ilẹ̀ àgùntàn àti aṣọ híhun. Ní ìlú kékeré kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Marsden, ìdílé Crowther kan ló ni ilé iṣẹ́ ńlá tó ń hun aṣọ irun àgùntàn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ híhun yìí sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé wàyí. Ní Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 1807, wọ́n bí ọmọkùnrin kan. Ó dojú bolẹ̀ wáyé, nítorí náà Àjàyí ni. Ẹnikẹ́ni kò jókòó ronú orúkọ yẹn fún un, ó mú un tọ̀run wá ni. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìdílé ahunṣọ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ṣé ẹ rántí Yorkshire? Ahunṣọ lọ́hùn-ún, ahunṣọ níhìn-ín, síbẹ̀ wọn kò gbúròó ara wọn rí.

Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn. Wọ́n tà Àjàyí láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Pọtogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó òun àti àwọn mìíràn sínú ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Esperança Felix. Ọkọ̀ náà kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, fi mú un. Wọ́n gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò dá wọn padà sí Èkó, nítorí bí wọ́n bá dá wọn padà, títà ni wọ́n á tún tà wọ́n. Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n kó wọn lọ.

Ní Freetown yìí ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti di iṣẹ́ akọ̀wé. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, akọ̀wé ìjọba á jókòó, á kọ orúkọ olúkúlùkù sínú ìwé ńlá, bí etí rẹ̀ bá ṣe gbọ́ ọ ni. Bó bá wá di ìgbà ìrìbọmi, orúkọ mìíràn tún dé: orúkọ míṣọ́nnárì, orúkọ gómìnà, orúkọ ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba. Nínú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S., ètò kan tilẹ̀ wà pé ẹni tó bá ń san pọ́n-ún márùn-ún lọ́dún fún ìtọ́jú ọmọ kan ní ilé ẹ̀kọ́ wọn lè yan orúkọ tí ọmọ náà yóò máa jẹ́. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọn ìbá wò níbẹ̀? Ogun ti tú ilé ká.

Àjàyí mọ̀wé kíákíá. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 1825, Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì di Samuel Crowther. Samuel Crowther mìíràn ti wà tẹ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òyìnbó ni, àlùfáà ìjọ Christ Church ní Newgate Street, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ C.M.S. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ Òṣogùn. Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi tirẹ̀, tí Àjàyí padà fẹ́, òun náà ti di Susan Thompson.

Nítorí náà, ìyá wa ẹlẹ́fọ̀ọ́, ìdáhùn yín nìyí: ìyá rẹ̀ kò fẹ́ òyìnbó. Orúkọ ló rìnrìn àjò, láti Yorkshire dé Lọ́ńdọ̀nù, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Sàró. Ẹ̀jẹ̀ kò bá a rìn.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀ o. Ní 1843, Àjàyí gba oyè àlùfáà. Ní 1846, ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì. Wọ́n wá gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Àfàlà wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn kò ti fojú kan ara wọn! Àjàyí kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá náà ń gbọ̀n. Nígbà tí ohùn rẹ̀ là, àwọn orúkọ tí ìyá-ìyá Àjàyí máa ń fi kẹ́ ẹ ní kékeré ló ń pè é. Ìyá-ìyá náà ti kú sí oko ẹrú.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ síbí. Nínú ìwé gbogbo, láti Freetown dé Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther ni ọkùnrin yìí. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó tẹ̀ jáde ní 1843 ti gbé orúkọ náà kiri. Ṣùgbọ́n Àfàlà kò mọ ẹnì kankan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní Crowther nìkan ló kù lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n, ta ni ì bá júwe ọmọ Àfàlà fún un? Àjàyí pàápàá kò jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ sọnù. A ń rí i nínú ìwé àtijọ́ bíi Samuel Adjai Crowther. Adjai yẹn, Àjàyí ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ìgbà náà. Ìyá rẹ̀ náà gba ìrìbọmi ní 1848, wọ́n sì sọ òun ní Hannah.

Ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Ipasẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni orúkọ Crowther fi fẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn, Dandeson Coates Crowther, gbé e lọ sí etí odò, ní agbègbè Bonny, níbi tó ti jẹ́ Áṣídíákónì. Dandeson Coates yẹn pàápàá, orúkọ akọ̀wé C.M.S. kan ni. Orúkọ tí a yá, lórí orúkọ tí a yá!

Ọmọbìnrin Bíṣọ́ọ̀bù, Abigail, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ní 1864 wọ́n bí Herbert Macaulay, Ọláyínká. Ẹ̀yin tó ń gba Yábàá kọjá, ẹ ti rí orúkọ rẹ̀ lára pátákó títì. Ọmọ-ọmọ Àjàyí ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ Crowther, nítorí orúkọ ìdílé tòyìnbó, ọ̀nà bàbá ló ń gbà. Macaulay náà ní ilé tirẹ̀. Scotland ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ọmọ Olaf". Ẹnì kan tí ń jẹ́ Zachary Macaulay sì ṣe gómìnà ní Sàró ṣáájú ọdún 1800. Ẹ ò rí i: ọmọ Olaf tí kò bá Olaf tan.

Irú èyí pọ̀ lọ. Haastrup jẹ́ orúkọ abúlé kan ní Denmark, síbẹ̀ ó dé orí ìtẹ́ Ọwá Iléṣà ní 1896, nígbà tí Frederick Kumokun Haastrup jẹ Ajímókò kìíní. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé mú da Silva, Pereira àti da Rocha wá sí Èkó. Àwọn kan wá ní ó tó gẹ́ẹ́. William Davies di Orishatukeh Faduma ní 1887. David Vincent di Mojola Agbebi ní 1894. Ọmọ Macaulay kan, Edmund, di Kitoyi Ajasa. Àwọn mìíràn ní orúkọ tí bàbá àwọn kú sí, àwọn kò ní í pa á rẹ́. Èmi kò rí ẹ̀bi ìhà méjèèjì.

Ohun tí mo rí ẹ̀bi rẹ̀ ni ti èmi fúnra mi. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Lọ́jọ́ kan tí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá. Bàbá náà kò mọ̀wé. Mo ní, "Orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́?" Ó dárúkọ ara rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé, mo ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. N kò béèrè bóyá ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní ẹ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, orúkọ bàbá-bàbá wọn ni wọ́n sì kọ fún ìyẹn. Ohun tí mo kọ bá ọmọ náà dé ìwé ẹ̀rí, ó bá a dé bánkì. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí wọ́n fẹ́ gba owó tó fi sílẹ̀, wọ́n bi wọ́n pé, "Báwo lẹ̀yin méjèèjì ṣe jẹ́ ọmọ bàbá kan?" Ó di kọ́ọ̀tù, ó di ìbúra, ó di lílọ-bíbọ̀ ọ̀pọ̀ oṣù. Àbúrò yẹn ló wá sọ fún mi fúnra rẹ̀. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìbéèrè tí n kò bi bàbá rẹ̀ ìbá gbà mí.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá bá yín pé, "Orúkọ kan náà là ń jẹ́, ẹbí ni wá, ẹ bá mi fọwọ́ síwèé yìí," ẹ má kánjú. Ẹ bi í ní ìlú rẹ̀. Ẹ bi í ní agboolé rẹ̀. Ẹ ní kó ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ kí ẹ gbọ́. Williams kan ní Èkó lè jẹ́ Ẹ̀gbá, òmíràn lè jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Mende tiwa yìí ńkọ́? Ẹ̀yà ńlá kan wà ní Sàró tí ń jẹ́ Mende. Orúkọ bá orúkọ mu, ìyẹn nìkan kò sọ wá di ará ilé wọn.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Iṣẹ́ wo ni crowther ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́?

2. Kí ló dé tí Herbert Macaulay kò fi jẹ́ Crowther?

3. Fi ìka tọ́ka sí Òṣogùn, Èkó, Freetown àti Lọ́ńdọ̀nù lórí àwòrán ilẹ̀ tó wà lára ògiri.

4. Kọ orúkọ ìdílé rẹ. Lábẹ́ rẹ̀, kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, àti ìlú tó ti wá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù nílé yín kí o tó wá sí kíláàsì lọ́jọ́bọ̀.

5. Kọ orúkọ gbogbo ọmọ rẹ bó ṣe wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ṣé orúkọ ìdílé wọn bára mu? Bí kò bá bára mu, mú ìwé náà wá kí a jọ wò ó.