Ṣé Lẹ́tà Ìròyìn Lè Mú Kí Google Gbé Wa Sókè?

Ọmọ ọdún 11 ni mí. Dagenham ni wọ́n ti bí mi, ilé wa ò sì jìnnà sí Parsloes Park. Lónìí mo fẹ́ sọ ohun tí mo kọ́ nípa Google àti ímeèlì.

Ohun tó fà á nìyí. A jẹ́ 14 ní kíláàsì Yorùbá wa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a ti ku 6. Olùkọ́ wa ní bí ọmọ tuntun ò bá wá kó tó di ìsinmi Easter, wọ́n máa pa wá pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ó dùn mí gan-an. Mo wá ilé ẹ̀kọ́ wa lórí Google. Ojú ewé kẹta ni mo ti rí i! Ta ló máa ń dé ibẹ̀?

Mo sọ fún Dádì pé, "Ẹ jẹ́ ká máa fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ pẹ̀lú ímeèlì. Google máa gbé wa sókè." Dádì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Jókòó, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

Báwo ni Google ṣe ń to ìkànnì?

Ní 1996, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Stanford University, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó di Google. Orúkọ wọn ni Larry Page àti Sergey Brin. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1998. Èrò wọn ni pé bí ìkànnì kan bá fi líǹkì sí òmíràn, ńṣe ló ń jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rí kan sì ju òmíràn lọ. Bí baálẹ̀ bá sọ pé ọmọ dáadáa ni ẹnì kan, gbogbo ìlú á gbọ́. Bí àlejò àná bá sọ ọ́ ńkọ́? Lóde òní, Google tún ń wo ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, bíi bóyá ojú ewé náà dáhùn ìbéèrè ẹni tó ń wá nǹkan.

Ibo ni ímeèlì wà níbẹ̀?

Ẹ̀rọ Google ń ka ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ímeèlì dà bí lẹ́tà tí póòsìmáànù jù sínú ilé: ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ló ń kà á. Líǹkì inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí lójú Google. Nítorí náà, lẹ́tà fúnra rẹ̀ kò lè gbé ìkànnì sókè. Àmọ́ ó lè pe èèyàn wá. Bí ẹni tó kà á bá ní ìkànnì tirẹ̀, tó sì fi líǹkì wa síbẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀rí.

Ohun tí a ṣe

1. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, mo kọ gbogbo ìtàn náà tán. Àwọn òbí kà á nínú ímeèlì, kò sẹ́ni tó wá sí ìkànnì. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ní báyìí, odindi ìtàn wà lórí ìkànnì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti líǹkì ló wà nínú lẹ́tà.

2. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì ohùn sí i tí wọ́n bá ń wá nǹkan. A kọ àkọlé wa ní Yorùbá pẹ̀lú àmì, a sì tún kọ "Yoruba lessons for children in Dagenham" sí abẹ́ rẹ̀.

3. Mo fẹ́ kó gbogbo àdírẹ́sì inú fóònù Mọ́mì, wọ́n kọ̀. Láti 2003 ni òfin ti wà ní ilẹ̀ yìí pé, lọ́pọ̀ ìgbà, a gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ẹni kí a tó fi ímeèlì ìpolówó ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò, ká jẹ́ kó lọ.

4. A ò ra líǹkì. Google ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí kan tí wọ́n ń ránṣọ ní Barking ka lẹ́tà wa, wọ́n sì fi líǹkì wa sórí ìkànnì wọn. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó gbé wa dé ojú ewé kejì.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin tuntun kan wá. Google kọ́ ló mú un wá o! Aládùúgbò wọn ló fi lẹ́tà wa ránṣẹ́ sí mọ́mì rẹ̀. A ti di 7. Ó ku ọ̀sẹ̀ 5 kí Easter dé.

Ìbéèrè fún yín

1. Kí nìdí tí líǹkì inú ímeèlì kì í fi í ṣe ẹ̀rí lójú Google?
2. Ta ló ní ìkànnì nínú ẹbí yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi líǹkì wa síbẹ̀.