A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní Òkèhò níbí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí. Bí dókítà bá ti sọ pé jẹjẹrẹ ni kókó tó wà lọ́mú màmá, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n pe ara wọn lórí fóònù, kí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni abẹ máa kàn, ẹnu rẹ̀ ló yẹ kí ìpinnu ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí dókítà fi Yorùbá ṣàlàyé fún un. Ẹ jókòó tì í, kí ọ̀kan nínú yín mú bírò àti ìwé dání. Ẹ bi dókítà pé: ṣé inú ọmú nìkan ló wà, àbí ó ti dé abíyá? Ṣé kò tíì ràn dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró? Irú jẹjẹrẹ wo ni? Ibi tó dé àti irú tó jẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ohun tá a lè retí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kọ́ṣẹ́ dókítà n'Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, ti fi ìwádìí hàn pé irú kan tó le wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin wa. Nítorí náà, ẹ má fi ti ìyá ẹlòmíràn wọn ti ìyá yín.

Bí àrùn náà bá ṣì kéré, wọ́n lè yọ kókó nìkan, tàbí kí wọ́n gé ọmú. Ìwádìí ogún ọdún tó jáde ní 2002, láti Amẹ́ríkà àti Ítálì, fi hàn pé ẹ̀mí ẹni tí wọ́n yọ kókó fún kì í kúrú ju ti ẹni tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tí wọ́n yọ kókó fún máa ń lọ sábẹ́ ẹ̀rọ onítànṣán lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti Òkèhò sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn kì í ṣe ìrìn àlọ-àbọ̀ ojoojúmọ́ fún aláìsàn. Ọ̀dọ̀ ta ni màmá máa dé sí? Ta ló máa sanwó? Ẹ yanjú ìyẹn kí ó tó yan èyí tó fẹ́.

Bó bá fara mọ́ gígé, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fojú àbọ̀ obìnrin wò ó. Ní 1917, gbogbo ìlú wa kó kúrò ní Ahoro lórí òkè wá síbi tá a wà yìí, Òkèhò náà la ṣì ń jẹ́; bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ ṣì jẹ́ obìnrin. Ẹ tún wo Betty Anyanwu-Akeredolu: ní 1997 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ lọ́mú rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti ran àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ lọ́wọ́, ogún ọdún lẹ́yìn náà ló sì di ìyàwó gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Bí màmá bá kọ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má fi oṣù kan ṣòfò nídìí àgbo. Bí àrùn bá sì ti ràn jìnnà, ìtọ́jú àti oògùn ìrora ṣì wà, ẹ má pa á tì.

Ẹ lọ bá màmá yín lónìí, kí ẹ bi í léèrè ohun tí òun gan-an fẹ́.