Àpótí Ìmọ̀: Àwọn Ará Cebu àti Èdè Wọn

Erékùṣù Cebu wà ní agbègbè Visayas, láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Filipíìnì. Èdè Cebuano, tí àwọn tó ń sọ ọ́ sábà máa ń pè ní Bisaya, ti kọjá etíkun Cebu tipẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Bohol, ní ìlà-oòrùn Negros, àti káàkiri Mindanao, níbi tí àwọn tó ṣí lọ wá ilẹ̀ oko gbé e dé. Síbẹ̀, Tagalog ni ìjọba mú ṣe ìpìlẹ̀ èdè orílẹ̀-èdè lọ́dún 1937. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun ọ̀pọ̀ ará Cebu, ẹjọ́ wọn sì tọ́.

Ní Mactan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cebu, ni àwọn jagunjagun Lapulapu, olóyè ibẹ̀, ti pa Magellan, atukọ̀ òkun tó ṣojú Sípéènì, lọ́dún 1521. Ère Jésù ọmọdé tí Magellan fi ta aya Humabon, ọba Cebu, lọ́rẹ ṣì wà nílùú Cebu. Òun ni wọ́n ń jó Sinulog fún lóṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún: ẹsẹ̀ méjì síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ìlù ń dún kíkankíkan. Bí ebi bá dé, puso ń bẹ: ìrẹsì tí wọ́n sè nínú ewé àgbọn tí wọ́n hun bí àpò, tí wọ́n ń fi ẹran sísun jẹ.