Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Máàkì JAMB àti Ọ̀nà Yunifásítì

Bí àbájáde JAMB bá ti jáde, ohun tí ará àdúgbò máa ń bi òbí ni pé, "Mélòó lọmọ yín gbà?" Bí ẹ bá dáhùn pé 280, wọn á ní ó ti wọlé. Bí ẹ bá ní 210, wọn á ní kó lọ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdájọ́ méjèèjì ti yá jù. Máàkì JAMB ṣe pàtàkì gan-an, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń mú ọmọ wọ yunifásítì tí èrò pọ̀ sí. Òbí tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọ̀rọ̀ náà á lè tọ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà, gbájúẹ̀ kò sì ní rí owó rẹ̀ gbà.

Kí ni JAMB?

Láyé àtijọ́, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìdánwò àṣewọlé tirẹ̀. Ọmọ kan lè rí àyè ní yunifásítì méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí ọmọ mìíràn kò rí ẹyọ kan. Ní ọdún 1978, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ JAMB sílẹ̀ kí ó máa ṣe ìdánwò kan náà fún gbogbo ọmọ.

Orúkọ ìdánwò náà lónìí ni UTME, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan. Mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ bá kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ kà mu. Ìkọ̀ọ̀kan ní 100 máàkì, àpapọ̀ wọn jẹ́ 400. Ìbéèrè 180 ni ọmọ máa dáhùn láàárín wákàtí méjì.

Ní ọdún 2025, àwọn tó ṣe é lé ní 1,900,000. Nínú ọmọ mẹ́rin, ó ju mẹ́ta lọ tí kò gba tó 200. Nǹkan bí 12,000 péré ló gba 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe bú ọmọ tó gba 250.

Ìdánwò kejì

Lọ́dún 2025 kan náà, 150 ni JAMB àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ fẹnu kò sí pé ó kéré jù tí yunifásítì lè gbà. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì Ìbàdàn, Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ béèrè 200 lọ́dún náà. Ọmọ tó gba 200 kò tíì wọlé o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe ni, èyí tí wọ́n ń pè ní post-UTME. Ọdún 2005 ni èyí bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Ní Ìbàdàn, wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín máàkì post-UTME, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣe àpẹẹrẹ.

Táíwò gba 300 ní JAMB: 300 ÷ 8 = 37.5
Ó gba 50 ní post-UTME: 50 ÷ 2 = 25
Àpapọ̀: 62.5

Kẹ́hìndé gba 260 ní JAMB: 260 ÷ 8 = 32.5
Ó gba 70 ní post-UTME: 70 ÷ 2 = 35
Àpapọ̀: 67.5

Kẹ́hìndé ló wà níwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Táíwò fi 40 jù ú lọ ní JAMB. Ìdí ni pé máàkì kan nínú ìdánwò Ìbàdàn tó mẹ́rin nínú JAMB. Ọmọ tó bá pa ìwé tì nítorí pé JAMB rẹ̀ dára ń ṣe ara rẹ̀.

Ní Èkó àti Ifẹ̀, èsì WAEC tàbí NECO náà wà nínú ìṣirò. Ní Èkó, 50 jẹ́ ti JAMB, 30 jẹ́ ti post-UTME, 20 jẹ́ ti WAEC. Ní Ifẹ̀, ó jẹ́ 50, 40 àti 10. Nínú ìṣirò èsì WAEC yìí, A1 kì í ṣe ẹgbẹ́ C6. Ìlànà lè yí padà. Ẹ máa wo ìkéde ọdún tí ọmọ yín fẹ́ wọlé.

Ohun mìíràn tí wọ́n ń wò

Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kirẹ́díìtì márùn-ún ní WAEC tàbí NECO nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ ń béèrè. Bákan náà, ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà pín àyè 100 báyìí: 45 fún máàkì nìkan, láti ibikíbi, 35 fún ọmọ ìpínlẹ̀ tó wà ní àgbègbè ilé ẹ̀kọ́ náà, 20 fún ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ tí kò rí àyè kò tíì pàdánù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó ka OND ní pólì tí èsì rẹ̀ sì dára lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Ẹni tó bá ní òun lè bá yín fi máàkì kún ti ọmọ yín, irọ́ ló ń pa. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Láti rí èsì, kí ọmọ fi fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ tẹ UTMERESULT ránṣẹ́ sí 55019. Ìkànnì CAPS ti JAMB ni ìgbàwọlé ti ń jáde, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbà á níbẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí wọ́n fi dá JAMB sílẹ̀?
2. Ọmọ kan gba 240 ní JAMB àti 64 nínú ìdánwò Ìbàdàn. Mélòó ni àpapọ̀ rẹ̀?
3. Kí ni ẹ máa sọ fún ẹni tó ń ta máàkì?

Iṣẹ́ ilé: Ẹ pe ọmọ yín jókòó lálẹ́ òní. Ẹ bi í ní kọ́ọ̀sì tó fẹ́, sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó mú, àti ìlànà yunifásítì tó yàn. Ẹ jọ ṣe ìṣirò náà sórí ìwé kí ẹ tó san owó kankan.