Òjò Ìlọrà àti Fìdítì: Ohun tí Ìṣirò Lè Sọ, àti Ohun tí Kò Lè Sọ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbẹ̀ Fìdítì, Ìlọrà, Akínmọ̀ọ́rìn àti Awẹ́ ń bi ara wọn lọ́dọọdún, ó sì yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lè là á yé àwọn ọmọ wọn: bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, ṣé kí a gbin àgbàdo ni, tàbí kí a tún dúró? Ẹni tí ó bá yára gbìn, tí òjò sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò pàdánù irúgbìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró pẹ́ jù, ọjà àgbàdo tútù yóò ti kọjá kí tirẹ̀ tó gbó. Nísinsin yìí tí ojú ọjọ́ ayé ń yí padà, ìbéèrè náà ti le ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdáhùn rẹ̀, àti ibi tí agbára wọn mọ.

Níbo ni òjò wa ti ń wá? Ẹ̀fúùfù méjì ni ó ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti ojú òkun Àtìláńtíìkì wá, ó sì ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá; ó gbẹ, òun ni ó sì ń mú ọyẹ́ wá. Ààlà àwọn méjèèjì kì í dúró lójú kan. Bí ó ti ń gòkè lọ sí ìhà àríwá ni a ń rí àkọ́rọ̀. Nígbà tí ó bá jìnnà réré ní oṣù August, òjò tiwa a máa dáwọ́ díẹ̀. Bí ó sì ti ń padà bọ̀ ni a ń rí òjò àrọ̀kúrò. Nítorí náà, òjò Fìdítì kì í ṣe ọ̀ràn Fìdítì nìkan: ooru omi òkun tí ó jìnnà sí wa ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè ṣírò irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1922, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lewis Fry Richardson, tẹ ìwé kan jáde. Ó fi hàn pé a lè pín ojú ọ̀run sí àpótí-àpótí, kí a kọ ìwọ̀n ooru, ẹ̀fúùfù àti omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí a sì ṣírò bí ọ̀kan yóò ti ṣiṣẹ́ lórí èkejì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi ọwọ́ ṣírò ojú ọjọ́ wákàtí mẹ́fà péré, ìdáhùn rẹ̀ kò sì tọ̀nà rárá. Síbẹ̀ kò fi àṣìṣe náà pamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Lónìí kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ohun tí ó sì ń ṣírò ni a ń pè ní àwòṣe, èyíinì ni ayé kékeré kan tí a fi òfin ooru, afẹ́fẹ́ àti omi kọ́.

Kí a má bàa gba ohunkóhun gbọ́ lásán, a kọ́kọ́ ń ní kí àwòṣe ròyìn àná kí a tó bi í ní ọ̀rọ̀ ọ̀la. Láti nǹkan bí ọdún 1968 títí wọ àwọn ọdún 1980, ọ̀dá ńlá jà ní Sàhẹ́lì, ní àríwá wa. Ní ọdún 2003 àwọn onímọ̀ kan kéde pé, nígbà tí wọ́n fún àwòṣe wọn ní ìwọ̀n ooru ojú òkun ti àwọn ọdún wọ̀nyí, ó tún ọ̀dá náà rò fún wọn. Báyìí ni ó hàn pé inú òkun ni a ti lè rí púpọ̀ nínú ohun tí ó fà á.

Kí ni àwòṣe wá fi dá wa lójú? Ìkíní, ayé ti fi ohun tí ó ju ìwọ̀n 1.1 ti Celsius lọ gbóná ju bí ó ti rí láàárín ọdún 1850 sí 1900 lọ, yóò sì tún gbóná sí i. Èkejì, bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n 1 gbóná sí i, ó lè gba nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún omi sí i. Nítorí náà òjò líle yóò máa le sí i. Ìròyìn ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ti ọdún 2021 sì sọ pé ẹ̀fúùfù òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò máa pẹ́ dé, yóò sì máa pẹ́ padà.

Ṣùgbọ́n iye òjò tí yóò rọ̀ ní Ìlọrà ńkọ́? Níhìn-ín ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ àwòṣe gbogbo ayé, àpótí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà ní òró àti ní ìbú. Ìbàdàn, Fìdítì, Ìlọrà àti Ọ̀yọ́ lè wà nínú àpótí kan ṣoṣo, kí wọ́n sì ní òjò kan náà nínú ìwé. Àwa sì mọ̀ pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa: ó lè rọ̀ ní Ìlọrà kí ilẹ̀ Fìdítì gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò oṣù kò sọ ti ọjọ́ kan. August tí a ń retí kí òjò dáwọ́ ni omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 ọdún 1980. Òun náà ni òmíràn tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ní ọjọ́ 26 ọdún 2011.

Ohun mìíràn tún wà tí ó fara sin. Bí òjò kò tilẹ̀ dín, kànga lè gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní òjò ọdún kan jẹ́ 1,200 mìlímítà. Oòrùn àti ewéko gba 900, àgbàrá gbé 200 lọ. 100 ni ó kù tí ó wọ ilẹ̀ lọ fún kànga. Bí ooru bá pọ̀ sí i tí oòrùn àti ewéko fi gba 950, 50 ni yóò kù. Bí òjò bá sì ń ya lulẹ̀ lójijì, tí àgbàrá fi di 230, 20 péré ni kànga yóò rí. Òjò kò yẹ̀, ṣùgbọ́n omi kànga ti di ìdá kan nínú márùn-ún. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a máa béèrè pé, “Ṣé òjò rọ̀?” Ẹ jẹ́ kí a tún béèrè pé, “Níbo ni omi rẹ̀ gbà lọ?”

Nítorí náà, kí ni kí a wí fún àgbẹ̀ wa? Kí ó fetí sí àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, ń gbé jáde lọ́dọọdún. Kí ó gbẹ́ ilẹ̀ wò bóyá ọ̀rinrin ti wọlé jinlẹ̀. Kí ó má sì ṣe gbin gbogbo oko rẹ̀ sórí òjò kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì: Ẹ gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba sí gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé. Ní agogo kan náà láràárọ̀, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì dà á nù. Mìlímítà 1 òjò lórí mítà 1 níbùú lóròó jẹ́ lítà 1 omi. Bí òrùlé ilé ìwé bá jẹ́ mítà 10 ní òró àti 6 ní ìbú, tí òjò mìlímítà 20 sì rọ̀, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mélòó ni a lè pọn? (Ìdáhùn: 48.)

Kí olùkọ́ má ṣe fojú kéré ìwé yìí. Ibi ìwọ̀n òjò kò pọ̀ tó ní Áfíríkà, àkọsílẹ̀ òtítọ́ ọdún pípẹ́ sì ni a fi ń dán àwòṣe wò. Àpótí ńlá kò mọ Fìdítì yàtọ̀ sí Ìlọrà. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀, tí ó ń wọn òjò tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ni yóò jẹ́ kí ó mọ̀.