Ohun Tí Sódà Ọṣẹ Ń Ṣe sí Ìkòkò Alumíníọ̀mù

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí a ti ń se ọṣẹ. A bẹ ẹni tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí sí etí àwọn ẹlòmíràn kí ó kà á yékéyéké, nítorí pé ojú àti ọwọ́ àwọn ìyá wa ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Bí a bá da omi kọ́sítíìkì sódà sínú ìkòkò alumíníọ̀mù, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí hó yaya láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a máa rò pé ayédèrú ìkòkò ni a tà fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tí ó dára jù lọ ní ọjà pàápàá yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Alumíníọ̀mù kì í wà ní ìhòòhò. Ní kété tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ni yóò ti bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ dàpọ̀, tí àpapọ̀ náà yóò sì bò ó lára bí awọ tín-ín-rín tí ojú kò lè rí. Irú àpapọ̀ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ́ksáìdì. Ìdógùn-ún ara irin jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n èyíinì a máa ṣí, a sì máa jẹ irin wọnú. Ti alumíníọ̀mù a máa lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, a sì máa dáàbò bò ó. Awọ yìí ni ó jẹ́ kí a lè fi ìkòkò náà se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nísinsìnyí, ásíìdì, irú èyí tí ó wà nínú bátìrì mọ́tò, lè yọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́ksáìdì tí sódà kò lè rí gbé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọ́ksáìdì kan wà tí ó ní ìwà àjàó, tí kò ṣe eku tí kò sì ṣe ẹyẹ: ásíìdì yóò yọ́ wọn, sódà líle náà yóò yọ́ wọn. Ti alumíníọ̀mù, ti síǹkì àti ti òjé wà lára wọn. (Àfiwé yìí kò dọ́gba tán, nítorí eku àti ẹyẹ ni ó kọ àjàó, ṣùgbọ́n apá méjèèjì ni ó ń gba àwọn wọ̀nyí mọ́ra.)

Nígbà tí omi sódà bá kan ìkòkò, awọ yẹn ni ó kọ́kọ́ ń bá jà. Ọ́ksáìdì, sódà àti omi yóò para pọ̀ di ohun titun kan tí ń jẹ́ àlúmínétì, tí yóò yòrò sínú omi bí iyọ̀. Alumíníọ̀mù tí ó kù ní ìhòòhò yóò wá kojú omi àti sódà, awọ titun kò sì ní lè dúró, nítorí pé bí ó ti ń yọ ni sódà ń jẹ ẹ́. Ohun tí ń hó yaya ni gáàsì tí ń jẹ́ háídrójìn, tí iná a máa gbá mú kíákíá. Bí sódà giramu 80 bá jẹ alumíníọ̀mù giramu 54 tán, háídrójìn tí yóò jáde tó lítà 72, èyí tí í ṣe ẹ̀kún garawa kẹrosíìnì mẹ́rin. Nínú iyàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, tí àtùpà ń jó nítòsí, ó lè bú gbàmù. Ooru rẹ̀ a sì máa mú kí omi sódà ta sí ènìyàn lójú.

Síbẹ̀, ìwà àjàó yìí kan náà ni a fi ń rí alumíníọ̀mù. Ní nǹkan bí ọdún 1888, Karl Josef Bayer, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, fi hàn pé bí a bá se òkúta pupa tí ń jẹ́ bauxite nínú omi sódà gbígbóná, ọ́ksáìdì alumíníọ̀mù inú rẹ̀ yóò yòrò, ọ́ksáìdì irin yóò sì ṣẹ́kù bí ẹrẹ̀ pupa. Ọ̀nà yìí ni a ṣì ń lò. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 4 òkúta náà, irú èyí tí a ń wà ní Boké ní ilẹ̀ Guinea, ni ó ń di tọ́ọ̀nù 1 alumíníọ̀mù. Sódà kì í tán nínú ẹrẹ̀ pupa náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, ògiri adágún ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ wó ní ẹ̀bá ìlú Ajka ní ilẹ̀ Hungary. Ènìyàn 10 kú, ó sì bó ọ̀pọ̀ lára.

Nínú ilé, ìkòkò irin tàbí ike tí ó nípọn ni kí a lò fún sódà. Korobá páànù kò dára, nítorí síǹkì ni a fi bò ó. Omi eérú tí a sẹ́ fún ọṣẹ dúdú kò le tó sódà ọjà, ṣùgbọ́n òun náà a máa jẹ alumíníọ̀mù. Omi ni kí ó kọ́kọ́ wà nínú ìkòkò, kí a tó máa rọra da sódà sí i, ní ìta gbangba. Ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ má ṣe fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ máa da omi tútù tí ó mọ́ sí ojú náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.